Títẹ̀ Lẹ́yìn Títẹ̀

Ohun àkọ́kọ́ tó yà mí lẹ́nu ní Ìbàdàn ni bí wọ́n ṣe ń tẹ kíbọ́ọ̀dù. Kì í ṣe ariwo ọkọ̀ ní Mọ́kọ́lá, kì í ṣe òrùlé tó lọ bẹẹrẹ tí ojú ò tó òpin rẹ̀. Ọwọ́ wọn ni. Mo rí ọkùnrin kan nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Dùgbẹ̀ tó ń dán kíbọ́ọ̀dù wò kó tó rà á. Ó dìde dúró, ó fi gbogbo èjìká ti ọwọ́, ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń ti ọkọ̀ tó kọ̀ láti ṣíná. Àwọn tó dúró tì í ń mi orí. Wọ́n ní ó mọ̀ ọ́n tẹ̀.

Nílé wa ní Sábẹ̀, lẹ́yìn bọ́dà, ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ ọmọ níwèé, bàbá mi ló ń tẹ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì. Dùùrù àtijọ́ ni, tí a ń fi ẹsẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí. Tó o bá fẹ́ kí ohùn rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ lo máa fi wú u. Ọwọ́ kàn máa ń dúró lórí rẹ̀ ni. Bàbá mi á ní, "Má lù ú. Tẹ̀ ẹ́, kó o sì dúró tì í." Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ ò tíì parí nígbà tí ìka bá délẹ̀.

Mo ti pé ọdún mọ́kànlá ní Ìbàdàn báyìí. Mi ò ní sọ bí mo ṣe dé. Ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ń gbà ni mo gbà, ó sì rẹ̀ mí bó ṣe ń rẹ gbogbo èèyàn. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé mo rò pé mi ò ní jẹ́ àlejò. Yorùbá ni wá, Yorùbá ni wọ́n. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ la ẹnu nínú kẹ̀kẹ́ ní Ojóò, gbogbo èrò inú rẹ̀ yíjú wò mí.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Mo tún un sọ.

"Àgànyìn ni wọ́n! Àǹtí, ẹ̀wà yín dà?"

Mi ò ta ẹ̀wà rí láyé mi. Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn lẹ̀ mọ́ mi. Òun ni wọ́n ń pè mí nínú ilé tí mo gba yàrá sí ní Agbowó, òun ni ìyá tó ń ta omi nísàlẹ̀ ilé ń pè mí títí dòní. Wọn kì í fi ṣe ìkà. Ìyẹn gan-an ló ń rẹ̀ mí. Ẹni tó bá bú ọ, o lè bú u padà. Kí ni wàá ṣe fún ẹni tó ń fi ìfẹ́ rẹ́rìn-ín sí ọ, tó tún ní kó o tún ọ̀rọ̀ rẹ sọ kí ọ̀rẹ́ òun náà lè gbọ́?

Ẹni tí kò rẹ́rìn-ín ni Alájì, ọ̀gá mi. Ọmọ Ṣakí ni. Òun náà wá sí Ìbàdàn ni, ọ̀dọ́mọdé ni nígbà náà. Mùsùlùmí tó ń ta kíbọ́ọ̀dù fún ṣọ́ọ̀ṣì ni, ó sì máa ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́: "Àwọn pásítọ̀ ló ń bọ́ mi, Ọlọ́run ló mọ ìdí ẹ̀." Ọjọ́ tí mo wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Dùgbẹ̀, ó ní, "Ìwọ ará ẹ̀yìn bọ́dà, kí lo lè ṣe?"

"Mo lè tún kíbọ́ọ̀dù ṣe, sà."

Irọ́ ni. Dùùrù nìkan ni mo tú rí. Ó gbé kíbọ́ọ̀dù kan fún mi tí aáyán ti sọ di abúlé. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta tú u. Mo to gbogbo síkúrù rẹ̀ sórí bébà, mo fi bírò kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kẹrin, ó dún. Alájì wá dúró sẹ́yìn mi, ó gbọ́ ọ, ó ní, "Wá ní àárọ̀ ọ̀la. Aago mẹ́jọ ni mo máa ń ṣí." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí iṣẹ́.

Kò sí ẹni tó kọ́ mi. Mo máa ń wá ìwé àtúnṣe wọn lórí fóònù, màá fi ìka méjì fẹ àwòrán rẹ̀ títí ojú á fi máa dùn mí. Mo lè sọ fún ọ ohun tó wà nínú kíbọ́ọ̀dù láìtú u. Àwọn funfun àti dúdú tí a ń tẹ̀, eyín ni mo máa ń pè wọ́n. Lábẹ́ eyín kọ̀ọ̀kan, rọ́bà kékeré méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan máa ń kanlẹ̀ ṣáájú èkejì. Àkókò tín-ín-rín tó wà láàárín méjèèjì ni kíbọ́ọ̀dù fi ń mọ̀ bóyá o rọra tẹ̀ ẹ́ ni tàbí o gbá a. Gbogbo kíbọ́ọ̀dù tó dáa ló ní ìyẹn.

Ṣùgbọ́n nínú àwọn ńlá, àwọn tó wọ́n jù, ohun kan tún wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ọ̀já pẹlẹbẹ kan ni, ó gùn láti eyín àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, wọ́n fi aṣọ rírọ̀ bò ó. Bí eyín bá ti délẹ̀ tán, tí ohùn ti jáde, tó o bá tún wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i, ọ̀já yẹn á mọ̀. Ohùn tó ti ń lọ lè wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó lè wú, ó lè ròkè díẹ̀ bí ohùn ẹni tó fẹ́ sunkún. Áfítátọ́ọ̀ṣì ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ bá a pàdé lára kíbọ́ọ̀dù kan tó ti ìlú òyìnbó dé, mo tẹ ohùn kan ṣoṣo, mo dúró tì í, mo tún tẹ̀ ẹ́, mo sì gbọ́ ẹsẹ̀ bàbá mi. Mo jókòó sórí páálí nínú ṣọ́ọ̀bù, mo tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kí o má baà rò pé ẹni mímọ́ ni mí, gbọ́ èyí náà. Gbogbo tòkunbọ̀ tó ní áfítátọ́ọ̀ṣì tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù wa, èmi ni mo ń fa wáyà rẹ̀ yọ. Àṣà ṣọ́ọ̀bù ni. Bí a bá tà á láìfà á yọ, oníbàárà á gbé e padà lọ́jọ́ Ajé.

"Alájì, kíbọ́ọ̀dù yìí ń gbọ̀n! Àbí ibà ń ṣe é ni?"

Kì í ṣe ibà. Ọ̀já kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo eyín. Bí ìka kan bá tẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, gbogbo ohùn tó wà lábẹ́ ọwọ́ méjèèjì ló máa gbọ̀n pa pọ̀. Ọwọ́ tó ń ti ọkọ̀ kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dáwọ́ dúró. Alájì ló fi hàn mí: tú ìdí rẹ̀, wá wáyà pẹlẹbẹ tó funfun yẹn, fà á, dì í padà. Kò gba ìdajì wákàtí. Mi ò mọ iye tí mo ti fà yọ. Nígbà míràn, kí n tó fà á, màá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, Alájì ní tòkunbọ̀ ti sú òun. Ó fẹ́ kí orúkọ tirẹ̀ wà lára kíbọ́ọ̀dù. Ilé iṣẹ́ kan wà ní Ṣáínà tó máa ń ṣe irú ẹ̀: wàá sọ ohun tó o fẹ́, wọ́n á ṣe é, wọ́n á lẹ orúkọ rẹ mọ́ ọn. Alájì ò fẹ́ kékeré, kò fẹ́ àárín. Ó fẹ́ èyí tó ga jù lọ, eléyín méjìdínláàádọ́rùn-ún, "èyí tí pásítọ̀ bá rí, tí á gbàgbé pé òun wá ra wáyà ni." Wọ́n fi ẹyọ kan ránṣẹ́ kí a fi dán an wò. Kò pẹ́ tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan láti ilé iṣẹ́ náà fi wọlé sórí wásáàpù Alájì. Wọ́n ní lórí iye tí a jọ fẹnu kò sí, àfikún kan ṣoṣo ni àwọn lè fi sí i. Ṣé áfítátọ́ọ̀ṣì ni, bó ṣe wà lára èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́? Àbí kí wọ́n yọ ìyẹn, kí wọ́n fi bọ́ọ̀dù iná tó lágbára sí i, èyí tí kò ní jẹ́ kó kú bí iná bá ṣẹ́jú? Wọ́n fẹ́ èsì kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

Alájì gbé fóònù náà fún mi.

"Ìwọ ni kó o sọ. Mo ń tà á ni, mi ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Bí ọjà yìí bá tà, màá ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì ní Challenge, ìwọ ni wàá jókòó síbẹ̀. Bí kò bá tà, èmi á padà sídìí tòkunbọ̀, ìwọ á padà sídìí aáyán."

Ọdún mẹ́sàn-án, ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni ní ìlú yìí bi mí ní ìbéèrè tó jẹ́ pé èmi nìkan ló mọ ìdáhùn rẹ̀. Tàbí bí mo ṣe rò nìyẹn.

Lọ́jọ́ náà mo pe ìyá mi. Ọ̀sán ni, mo jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, lórí jẹnẹrétọ̀ tó ti kú.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà."

"Kí lo jẹ?"

Mo sọ fún un. Kò gbà mí gbọ́. Ó bi mí nígbà tí mò ń bọ̀, bó ṣe máa ń bi mí. Mo wá sọ ọ̀rọ̀ Challenge fún un.

"Ṣé tìẹ ni ṣọ́ọ̀bù náà?"

"Kì í ṣe tèmi, mà. Ṣùgbọ́n èmi ni màá wà níbẹ̀. Èmi ni wọ́n máa bá níbẹ̀."

Mo gbọ́ adìẹ lẹ́yìn rẹ̀. "Ó dáa," ó ní. "Bí wọ́n bá ti lè júwe ibi tó o wà fún èèyàn, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ìpadàbọ̀ da ẹ láàmú mọ́. Torí bó o ṣe wà yìí, ọmọ mi, bí wọ́n bá bi mí, ohun tí mo máa ń sọ ò ju 'Ìbàdàn' lọ. Ṣé Ìbàdàn wá jẹ́ àdírẹ́sì?"

Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Ẹni tó bá kúrò nílé, bó bá ti dé ibi tó ń lọ, gbogbo èèyàn á rò pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí. Ó ti délẹ̀. Ó rí yàrá, ó rí iṣẹ́, ó ń fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Kò sí ẹni tó ń bi í bóyá ohun kan ṣì wà tó fẹ́ tẹ̀ sí i. Mo ti délẹ̀ ní Ìbàdàn láti ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà. Mi ò tíì wú ohùn kankan.

Lọ́jọ́bọ̀ ni Bùrọ̀dá Táyọ̀ wá. Òun ló ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ní Bódìjà, kò sì sí atẹkíbọ́ọ̀dù tí kò mọ orúkọ rẹ̀ láti ibẹ̀ dé Ring Road. Bí Táyọ̀ bá ní kíbọ́ọ̀dù kan dáa, ó tà. Ohun kan wà tí gbogbo èèyàn mọ̀ nípa rẹ̀, tí kò sì tijú rẹ̀: orí ohùn kan ṣoṣo, ohun tí òyìnbó ń pè ní kíì, ló mọ̀ ọ́n tẹ̀. Bí olórin bá gbé orin sókè, Táyọ̀ á fi bọ́tìnnì gbé kíbọ́ọ̀dù náà sókè, ọwọ́ tirẹ̀ ò ní kúrò níbi tó wà. Ọ̀pọ̀ wọn ní Ìbàdàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ojúlé kan yẹn, kò sí ibi tí Táyọ̀ ò mọ̀.

Ó dìde dúró, ó fi èjìká ti ọwọ́. Kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Ṣáínà náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ewúrẹ́ tí òjò pa.

"Àǹtí, ẹ wo nǹkan yìí. Ẹ bá mi fà á yọ."

"Kì í ṣe kí n fà á yọ. Ọwọ́ ẹ ló wúwo."

Alájì ti ẹ̀yìn tábìlì sọ̀rọ̀. "Ẹ ẹ̀ rí obìnrin yìí! Ìwọ tó o ti ń fà á yọ láti ọdún mẹ́sàn-án!"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa fà á, sà."

"Mo ní kó o máa fà á. Ṣé mo ní kó o máa ṣọ̀fọ̀ ẹ̀ ni?"

Mo pín kíbọ́ọ̀dù náà sí méjì. Ọwọ́ òsì gba ohùn tí kò ní í gbọ̀n rárá. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni mo fi áfítátọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ fún, lórí ohùn fèrè kan. Mo wọnú ìlànà rẹ̀, mo jẹ́ kó le díẹ̀ sí i, kó má baà máa dáhùn sí gbogbo gbígbá. Mo ní, "Jókòó. Tẹ ohùn kan ṣoṣo. Bó bá délẹ̀, má tíì ṣe nǹkan kan. Ka ení, èjì. Wá tẹ̀ ẹ́ sí i."

Ó jókòó, ó ń fi ojú bú mi. Ó tẹ̀ ẹ́. Ení, èjì. Ohùn fèrè náà wú, ó gbọ̀n díẹ̀ ní ìparí rẹ̀, ó sì rọlẹ̀ bó ṣe gbé ọwọ́ fúyẹ́.

Táyọ̀ yọ fìlà. "Háà. Ó ń mí."

"Mo sọ fún ẹ."

"Ó dáa o. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú, bí pásítọ̀ bá ti gbaná jẹ, ta ló fẹ́ ka ení, èjì?"

"Wàá kọ́ ọ ni."

"Àǹtí, orí ohùn kan ni mo wà láti ọdún méjìlá. Mi ò tíì kọ́ ìkejì. Ìyẹn lẹ wá fẹ́ kí n kọ́!"

Kódà èmi náà rẹ́rìn-ín. Táyọ̀ ló dá a lábàá pé kí a gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì òun lọ́jọ́ Àìkú, kí a wò ó níbi tó ti máa ṣiṣẹ́. Mo gbà kíákíá. Mo fi gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta to ohùn mẹ́fà sí i, mo sì kọ orúkọ wọn sórí téèpù tí mo lẹ̀ sókè bọ́tìnnì. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré, ọ̀rọ̀ ti parí.

Alájì tẹ̀ lé wa. Ó ní ọjà òun ni, òun gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ó wọ fìlà funfun rẹ̀, ó jókòó sí ìlà ìkẹyìn. Kò pẹ́ tí wọ́n ní kí àwọn tó wá fún ìgbà àkọ́kọ́ dìde. Ó wò mí, mo wo ilẹ̀. Ó dìde. Gbogbo ìjọ kọrin fún un, wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, obìnrin kan bi í lórúkọ láti kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù.

"Alájì."

Obìnrin náà gbé bírò dúró. "Alájì kí ni, sà?"

"Alájì náà ti tó, ìyá."

Lẹ́yìn ìwàásù, orin jẹ́jẹ́ kan bẹ̀rẹ̀. Olórin gbé e sókè díẹ̀, Táyọ̀ fi bọ́tìnnì gbé kíbọ́ọ̀dù tẹ̀ lé e. Ó wá ṣe ohun tí mi ò rò pé ó máa ṣe. Ó jókòó. Ó fi ọwọ́ òsì tẹ́ ohùn sílẹ̀, ó fi ìka kan ọwọ́ ọ̀tún tẹ fèrè, ó dúró tì í, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ohùn náà tẹ̀ síwájú, ó wárìrì, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà tóbi ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń ṣí Bíbélì. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Kò mọ ohun tó gbọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ọ. Mo sọ fún ara mi pé, ó ti tán, mo ti jókòó ní Challenge.

Iná ṣẹ́jú.

Kò lọ. Fáànù ò tiẹ̀ dúró, gílóòbù kàn pọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó padà. Àwa tí a ń gbé ìlú yìí kì í kà á sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ojú kíbọ́ọ̀dù ńlá náà ṣókùnkùn.

Mo ti mọ̀ pé ohun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kì í tètè jí. Mi ò kà á rí. Lọ́jọ́ yẹn mo kà á: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú kan. Ìjọ ò dúró. Wọ́n fi ohùn lásán gbé orin náà lọ, ó sì dùn, títí kíbọ́ọ̀dù fi jí tí Táyọ̀ fi gbé ọwọ́ lé e. Bó ṣe jí, ó ti gbàgbé ibi tí wọ́n gbé ohùn rẹ̀ sí. Ó ti padà sílẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú páálí. Táyọ̀ tẹ orí ohùn rẹ̀ kan ṣoṣo. Ìjọ wà lórí ohùn míràn. Bí ìgbà tí wọ́n da abọ́ páànù sílẹ̀ lórí símẹ́ǹtì ni. Àwọn kan dákẹ́, àwọn kan bá kíbọ́ọ̀dù lọ, àwọn kan takú. Pásítọ̀ yíjú wo Táyọ̀. Táyọ̀ ń wá bọ́tìnnì. Téèpù tí mo lẹ̀ ti bo orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí a jáde, a dúró sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Alájì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Gbogbo wọn ń wò mí. Wọ́n ti rò pé Alájì ló mú iná lọ."

Táyọ̀ ò rẹ́rìn-ín. Mo ń retí kó bú mi nítorí téèpù. Ó ní, "Àǹtí, ohun tí mo tẹ̀ níbẹ̀ yẹn, kí iná tó ṣẹ́jú. Mi ò tẹ irú ẹ̀ rí láyé mi."

"Ṣé kí a fi sí i, nígbà náà?"

Ó wo bàtà rẹ̀. "Kó má kú ná, Àǹtí."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà mo fi fóònù Alájì kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà, mo ní ṣé kò sí bí méjèèjì ṣe lè wọ̀ ọ́. Wọ́n ní kò sí. Mo ní kí wọ́n fi ààyè ọ̀já náà sílẹ̀, èmi á máa fi sí i fúnra mi. Wọ́n ní èyí tó ní ààyè ọ̀já, iye rẹ̀ yàtọ̀. Mo gbé fóònù sílẹ̀.

"Mo mọ bó o ṣe fẹ́ràn nǹkan yìí," Alájì ní. "Tó o bá ní ká fi sí i, a máa fi sí i. Mi ò ní bá ẹ jiyàn."

Ìbá dára ká ní ó bá mi jiyàn. Ìbá rọrùn fún mi láti bínú sí i. Mo rò nípa gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì tí iná wọn ń ṣẹ́jú, gbogbo Táyọ̀ tó wà lórí ohùn kan ṣoṣo, tí pásítọ̀ máa yíjú wò. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ẹni mélòó ló máa jókòó kó ka ení, èjì? Mo sì mọ̀ pé bí mo bá fi sí i, ara mi ni mo fi sí i fún, obìnrin kan tó fẹ́ gbọ́ ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ nínú ìlú onílùú. Ó rẹ̀ mí. Mo kọ ọ́ pé: bọ́ọ̀dù iná tó lágbára, kò sí áfítátọ́ọ̀ṣì. Mo tún kọ ọ̀kan sí i: bó bá kú tó sì jí, kó rántí ibi tí wọ́n gbé ohùn rẹ̀ sí. Ìyẹn ò ná wọn ní nǹkan kan. Wọ́n gbà lójú ẹsẹ̀. Kò sí kíbọ́ọ̀dù míràn tí mo mọ̀ tó ń ṣe é bó ṣe ń ṣe é. Mo sọ ìyẹn fún ìyá mi lórí fóònù, ó ní, "Ó ṣeun, ó ṣeun," bí ẹni tó ń tu ọmọ nínú.

Ọjà náà tà. Ṣọ́ọ̀bù Challenge ṣí. Mo ń jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ìyá mi sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń júwe rẹ̀: o bọ́ọ́lẹ̀, o kọjá ilé epo, òkè ilé alájà kan. Àwọn oníbàárà máa ń bèèrè bóyá bọ́tìnnì tó ń gbé ohùn sókè wà níwájú. Wọ́n máa ń bèèrè bóyá ó lè gba fíláàṣì. Wọ́n máa ń dìde dúró, wọ́n á fi èjìká tẹ̀ ẹ́, kò sì ní gbọ̀n. Inú wọn á dùn. Fún ìgbà pípẹ́, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó bi mí léèrè ohun tí a yọ. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ohun kan kò sí níbẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ ìdánìkanwà tí mi ò ní orúkọ fún.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá àgbà kan gun àtẹ̀gùn wá. Olùkọ́ orin tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó sọ ọ́ kí n tó bèèrè. Kò dìde dúró tẹ kíbọ́ọ̀dù. Ó fa àga, ó jókòó, ó tẹ ohùn kan ṣoṣo. Ó dúró tì í. Mo rí ìka rẹ̀ bó ṣe tún tẹ̀ sísàlẹ̀, tí èékánná rẹ̀ funfun. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó tún un ṣe pẹ̀lú ìka míràn, kó lè dá a lójú.

"Kò ní áfítátọ́ọ̀ṣì."

"Rárá, mà. Kò ní."

"Irú kíbọ́ọ̀dù ràgàjì báyìí? Tí ẹ ń pè ní ọ̀gá gbogbo wọn?" Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Òpònú wo ló ní kí wọ́n má fi sí i?"

Mo lè sọ pé ilé iṣẹ́ ní Ṣáínà ni. Mo lè sọ pé ọ̀gá mi ni, kò sí níbẹ̀ láti jiyàn. Mo lè sọ pé mi ò mọ̀, àlejò ni mí.

"Èmi ni, mà."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí itan, ó gbé e sílẹ̀, bí ẹni tí kò ní ibi kankan tó ń sáré lọ.

"Ó dáa. Jókòó síbí, kó o wá sọ tẹnu ẹ."

Mo fa àga kejì sún mọ́ ọn, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ iná.